Ọ̀rọ̀ kún inú mi, ọwọ́ ò lè kọ ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Iléṣà ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Òkè-Oòyè tí ìsọjí 1930 ti wáyé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń jí ní aago márùn-ún, màá ka Sáàmù kan, màá sì kọ ohun tó bá bá ọkàn mi sọ sínú ìwé. Inú ìwé yẹn ni mo ti rí i pé mo ń di ẹ̀gbọ́n mi sínú, kí n tó lè dárí jì í.

Àmọ́ látìgbà tí màmá mi ti kú, déètì nìkan ni mò ń kọ. Màá gbé bírò lé ìwé, ọwọ́ á kàn dúró. Lánàá, "Olúwa, ó" ni mo kọ, mi ò rí èyí tó kù. Mo mọ̀ pé nínú Sáàmù 13, Dáfídì bi Ọlọ́run bóyá ó ti gbàgbé òun ni. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí láti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti ṣe rí, ṣé kí n máa da Sáàmù kọ ná, àbí kí n kọ lẹ́tà sí màmá mi?