Camry 2000 tí kò státì: ó ti yanjú o

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Camry 2000 tí mo béèrè nípa rẹ̀ níbí, tó ń yí lásán láti ìgbà tí a ti gbé ẹ́ńjìnì tókunbọ̀ sí i, ó ti ń státì. Wáyà kọ́ ló fà á, pọ́ọ̀ǹpù epo náà kọ́. 5S-FE (irú ẹ́ńjìnì Toyota kan) ni ti tẹ́lẹ̀ àti tókunbọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ ti 1992 sí 1996, tó ń lo distributor (ẹ̀yà tó ń pín iná fún àwọn plug), ni wọ́n tà fún wa. Láti 1997 ni Toyota ti yọ distributor kúrò lára Camry tó ń ti Amẹ́ríkà wá. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀gbẹ́ crankshaft (ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì) ni brainbox tèmi (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì) ń retí, kò sì rí i lára ẹ́ńjìnì yẹn. Ìdí nìyẹn tí P0335, kóòdù àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ yẹn, kò fi lọ. Ẹni tó ta ẹ́ńjìnì náà ti pààrọ̀ rẹ̀ (owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ẹ má bi mí!). Ẹ ṣé gan-an, pàápàá ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ yẹ sẹ́ńsọ̀ yẹn wò.