Ẹranko inú àwòrán igbó mi ń dà bíi pé mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn

Ewé_Tútù: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Igi ò ṣòro fún mi, èèpo ẹ̀, oòrùn tó ń yọ́ gba àárín ẹ̀ka wọlé, gbogbo ẹ̀ ló máa ń jáde dáadáa, àmọ́ tí mo bá ti ya àgbọ̀nrín sí i báyìí, ó bàjẹ́ nìyẹn, ńṣe ló máa dà bí èyí tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé lórí èyí tó wà níwájú mi. Àbí kí n kúkú pa á rẹ́?

Ọmọ_Ọ̀dà: Ẹ má pa á rẹ́ o! Shishkin ará Rọ́ṣíà yẹn, bó ṣe mọ igi í yà tó, Savitsky ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló bá a ya béárì mẹ́rin inú àwòrán òwúrọ̀ nínú igbó páìnì tó ṣe lọ́dún 1889. Savitsky tiẹ̀ kọ orúkọ sí i, Tretyakov tó ra àwòrán náà ló ní kí wọ́n pa orúkọ yẹn rẹ́, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Ẹ wo ọmọ béárì tó dá dúró lórí igi tó wó yẹn, ìkùukùu ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó bá igbó mu.

Adúláwọ̀_Búrọ́ọ̀ṣì: Ìbéèrè kan, ṣé ẹ parí igbó tán kẹ́ ẹ tó ya ẹran? Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló hàn?

Ewé_Tútù: Bẹ́ẹ̀ ni, títí dé pátákò.

Adúláwọ̀_Búrọ́ọ̀ṣì: Ohun tó fà á nìyẹn. Liljefors, ayàwòrán ará Sweden, ọdẹ ni, ó mọ̀ pé ẹran igbó kì í fi gbogbo ara hàn, ehoro ẹ̀ míì wà tó jẹ́ pé igbó lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ jẹ́ kí koríko bo ẹsẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ fi àwọ̀ ewé díẹ̀ sábẹ́ ikùn ẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ta láti ilẹ̀ bọ̀ síbẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀dà: Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe dandan kó fara pa mọ́ o. Táígà tí Henri Rousseau yà sínú ìjì lọ́dún 1891, kedere ló hàn, ọkùnrin yẹn ò sì kúrò ní Faransé rí, ọgbà ẹranko àti ọgbà ewéko Paris ló ti lọ ń wò wọ́n. Ewé tó yí táígà yẹn ká náà ló hàn kedere bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan náà ló fi ya gbogbo ẹ̀.

Ewé_Tútù: Ẹ ṣé gan-an! Mo ti fi koríko bo ẹsẹ̀ méjì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ya èèpo igi fa ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Orí ẹ̀ ló kù báyìí, ó ṣì le díẹ̀.