Wengen, ibi tí a ń padà sí lọ́dọọdún

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará mi. Láti àná ni mo ti ń ka ìrírí yín lórí ibi tí ẹ ti lọ sinmi. Ẹni tó lọ sí Dùbáì ti sọ tirẹ̀, ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi yí erékùṣù ká náà ti sọ tirẹ̀. Tèmi ò ní ìlú púpọ̀ nínú. Abúlé kan ṣoṣo ni. Wengen lórúkọ rẹ̀, orí òkè ló wà, ní agbègbè Bern ní orílẹ̀-èdè Swítsàlandì. Ọdún 2009 ni èmi àti Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ débẹ̀. Yàtọ̀ sí 2020 àti 2021 tí àrùn kòrónà sé wa mọ́lé, kò tíì sí oṣù Kẹsàn-án tó kọjá tí a ò lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀.

Mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀, torí àbúrò mi obìnrin ti bi mí títí ó fi sú u: "Kí lẹ tún ń lọ wò, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ ò tíì rí i tán ni?" Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ dáadáa lónìí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Nígbà yẹn, gbogbo ìsinmi tí wọ́n bá fún mi níbi iṣẹ́, òde ni mo ń fi lọ sí Nàìjíríà: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìṣílé. Aṣọ ẹbí la máa ń kó lọ, gbèsè la máa ń kó bọ̀. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, ẹbí ẹni lẹbí ẹni. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ tí mo máa ń gbé padà sẹ́nu iṣẹ́ máa ń ju èyí tí mo gbé kúrò níbẹ̀ lọ. Lọ́dún 2009, ẹlẹgbẹ́ mi kan ti sanwó ilé fún ọ̀sẹ̀ kan ní Wengen, ara ọmọ rẹ̀ ò wá yá, ó ní kí n bá òun rà á ní ìdajì owó. Mi ò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí. Ẹ̀dínwó ló gbé wa lọ.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le, sùúrù ló ń fẹ́. A máa ń bá ọkọ̀ òfurufú dé Zürich, ká wọ ọkọ̀ ojú irin dé Bern, òmíràn dé Interlaken, òmíràn dé Lauterbrunnen nísàlẹ̀ àfonífojì. Ibẹ̀ ni mọ́tò pin sí. Ẹni tó bá wa mọ́tò wá á fi í sílẹ̀ níbẹ̀, torí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ló ń gbé èèyàn gòkè lọ sí Wengen. Láàárín irin méjèèjì tó ń tẹ̀ lé, irin kẹta wà tó léyín bí ayùn. Kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà lábẹ́ ọkọ̀ á máa há mọ́ ọn bó ṣe ń gùn ún, kó má bàa yọ̀ padà sẹ́yìn. Láti 1893 ni ọkọ̀ yìí ti ń kó èrò. Kò ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ, ẹ ó ti kúrò ní nǹkan bí 800 mítà, ẹ ó ti dé 1,274 mítà sókè ìtẹ́jú òkun.

Àpáta dúró fíofío bí ògiri lápá méjèèjì àfonífojì náà, omi sì ń já bọ́ lára wọn. Wọ́n ka ibi tí omi ti ń já bọ́ bẹ́ẹ̀ sí 72. Èyí tó lókìkí jù, Staubbach, ń bọ̀ láti nǹkan bí 300 mítà lókè. Kó tó kanlẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti fọ́n ọn ká bí eruku, ohun tí wọ́n sì fi pe orúkọ rẹ̀ ní odò eruku ní èdè Jámánì nìyẹn.

Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Bàbá Ìbejì dúró, wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́?" Mo ní kí ni. Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan kan." Lóòótọ́ ni. Kò sí fèrè mọ́tò, kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, àfi kẹ̀kẹ́ ẹrù alábátìrì tó ń kó báàgì àwọn àlejò lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí etí wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ agogo ọrùn màlúù láti orí pápá lókè. Gbogbo ẹni tí a pàdé lójú ọ̀nà ló kí wa, "Grüessech", àgbà àti ọmọdé. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀, torí mo ti gbé ládùúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mẹ́sàn-án tí aládùúgbò mi ò fi kí mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sùn fún wákàtí 11. Mi ò sun irú oorun bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì.

Ilé pákó ni ilé tí à ń gbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì kọjú sí Jungfrau. Wúndíá ni ìtumọ̀ orúkọ òkè yẹn. Gíga rẹ̀ jẹ́ 4,158 mítà, yìnyín kì í kúrò lórí rẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí abúlé bá ti ń ṣú, oòrùn ṣì máa ń wà lórí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Á pọ́n bí àgbálùmọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á wá dà bí eérú. Tí àwọ̀ yẹn bá ti lọ tán la máa ń wọlé lọ jẹun alẹ́.

Màmá onílé wa ti lé ní ẹni 80 ọdún báyìí. Lọ́dún kẹta tí a lọ, mo fi fọ́tò Òkè Ìdànrè hàn wọ́n, torí ọmọ Ìdànrè ni mí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé orí òkè yẹn ni wọ́n bí ìyá mi àgbà sí, pé odindi ìlú ló wà lókè níbẹ̀, tòun ti ààfin, kí àwọn èèyàn tó kó sọ̀ kalẹ̀, àti pé àtẹ̀gùn tí à ń gùn débẹ̀ lóde òní lé ní 600. Màmá wo fọ́tò náà pẹ́. Wọ́n wá bi mí pé kí ló mú àwọn èèyàn wa sọ̀. Mo sọ ohun tí ìyá àgbà máa ń sọ fún wa: ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà mọ́tò gbà, ìsàlẹ̀ ni ilé ìwé wà, ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ra kòkó. Màmá mi orí. Wọ́n ní ní tiwọn, ọ̀nà ló gòkè wá bá àwọn. Wọ́n ní ká ní ọkọ̀ eléyín yẹn kò débẹ̀, ó dá àwọn lójú pé àwọn náà ì bá ti sọ̀ tán, torí ìyá tó bí àwọn ru koríko màlúù gun òkè títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀.

Ọ̀nà ló gòkè lọ bá wọn! Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Láti ọjọ́ náà, Wengen kọjá ibi ìgbafẹ́ lójú mi. Bí mo bá rí ọmọ ilé ìwé tó wọ ọkọ̀ sọ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, tó tún padà sórí òkè lọ́sàn-án, ìyá mi àgbà ni mo máa ń rántí. Ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì gòkè padà lọ gbé mọ́, àfi kí wọ́n lọ ṣe ọdún Orósùn kí wọ́n sì bọ̀.

Nínú gbogbo ọdún tí a ti lọ, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọdún tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà nínú méje. Ìkùukùu bo gbogbo òkè. A ò rí Jungfrau, nígbà míì a ò tiẹ̀ rí ilé kejì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa ń ro owó rẹ̀ nírú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó rò ó. Àwa mọ̀ pé òkè wà níbẹ̀. A jókòó. Mo hun súwẹ́tà ọmọ ọmọ mi dé apá. Bàbá Ìbejì se màkàrónì bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sè é, pẹ̀lú pòtétò, wàràkàṣì àti àlùbọ́sà díndín, ápù sísè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n wá bu ata gígún tí a gbé láti ilé sí i. A sọ̀rọ̀ ilé tí a bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ tí a ò parí, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò fẹ́ dárúkọ láti bí ọdún mẹ́rin. A sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, a pinnu pé a ó tà á. Ní ọjọ́ keje, ìkùukùu ká, Jungfrau yọ, yìnyín tuntun lórí rẹ̀, funfun báláú.

Ìjókòó onígi kan wà nítòsí Kleine Scheidegg, ní nǹkan bí 2,060 mítà, níbi tí ọkọ̀ eléyín yẹn máa ń dé. Ọdọọdún ni Bàbá Ìbejì máa ń yà mí ní fọ́tò níbẹ̀, odò yìnyín lẹ́yìn mi, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Lọ́dún tó kọjá mo to gbogbo fọ́tò náà sórí tábìlì. Ahọ́n yìnyín tó wà lẹ́yìn èjìká mi ní 2009 ti fà sẹ́yìn, òkúta lásán ló kù níbi tó wà. Ní 2022 àti 2023 nìkan, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo odò yìnyín Swítsàlandì ló yọ́ dànù. Mo ti kà á nínú ìròyìn tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìgbà tí mo rí i lẹ́yìn èjìká ara mi ló tó dùn mí dénú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ, ǹ bá ní ó rẹwà, ǹ bá sì gbàgbé.

Ara tèmi náà ń yí. Àmì ọ̀nà wọn, aláwọ̀ ìyeyè, kì í sọ iye kìlómítà fún ẹlẹ́sẹ̀, wákàtí ló ń sọ. Láti Männlichen, níbi tí ọkọ̀ orí wáyà ń gbé wa dé, sí Kleine Scheidegg jẹ́ bíi wákàtí kan ààbọ̀. Ọ̀nà tó tẹ́jú ni, ó ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀, òkè mẹ́ta, Eiger, Mönch àti Jungfrau, á sì tò síwájú yín. Ní 2009, mo rìn ín bí àmì ṣe wí. Nígbà tí mo pé ẹni 60, ó di wákàtí méjì. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún mi ọ̀tún ò jẹ́, ó di mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, Bàbá Ìbejì sì ń dúró dè mí ní gbogbo ìjókòó. Mo dé ibẹ̀.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Manchester

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Èmi náà ti dé Wengen yẹn, àmọ́ mi ò wádìí kí n tó lọ. Oṣù Kìíní ni mo kó àwọn ọmọ lọ, mi ò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni eré ìje Lauberhorn. Láti 1930 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn eléré á de pákó mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á yọ̀ lórí yìnyín láti òkè wá sísàlẹ̀, ọ̀nà tó lé ní kìlómítà mẹ́rin, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Ọkọ̀ kún bí ọjà Oyíǹgbò. Kò sí yàrá kankan, Interlaken la padà lọ sùn. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ò gbàgbé rẹ̀, torí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nígbà tí àwọn eléré yẹn kọjá bí ọfà. Mo fẹ́ kó wọn padà lọ, fún ìsinmi gidi lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó ńkọ́? Ṣé ó sì yẹ kí a gun Jungfraujoch, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà lókè lẹ́bàá Jungfrau, tí gbogbo èèyàn ń sọ?

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Nítorí ilé ìwé àwọn ọmọ, ìparí oṣù Kẹjọ á bọ́ sí i fún yín. Owó wọ́n níbẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ilé tó ní kíṣíìnì ni kí ẹ gbà, kí ẹ máa se oúnjẹ yín. Ẹ ra káàdì ìdajì owó ọkọ̀, ó ń gé owó ọkọ̀ ojú irin àti ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ orí wáyà sí méjì. Ẹ má ra omi rárá. Omi orísun ń ṣàn sínú ọpọ́n lójú ọ̀nà, ẹ bù ú mu. Òun ni mo fi ń mu gààrí níbẹ̀, ó tutù ju ti fíríìjì lọ.

A gun Jungfraujoch lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún kejì. Ó ga ní 3,454 mítà. Inú àpáta Eiger àti Mönch ni ọkọ̀ gbà lọ, ọdún 16 ni wọ́n sì fi gbẹ́ ọ̀nà náà, láti 1896 dé 1912. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orí fọ́ mi lókè yẹn, gbogbo èèyàn sì ń wo aago nítorí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀. Bí ẹ ó bá lọ, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí ara àwọn ọmọ ti mọ́ òkè. Trümmelbach ni èmi ì bá kó wọn lọ. Inú àpáta ni omi náà ti ń já bọ́, ibi mẹ́wàá, omi tó yọ́ láti ara Eiger, Mönch àti Jungfrau ló ń gba ibẹ̀ jáde. Tó bá kún, ó lè tó 20,000 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ó gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó rí i.

Ọmọ Màmá onílé wa obìnrin, tó ń bójú tó ilé báyìí, kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ Ajé. Ó ní àwọn màlúù tó ti wà lórí pápá òkè láti oṣù Kẹfà á sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a máa débẹ̀, pẹ̀lú òdòdó lórí wọn. Ó ní Màmá ní kí òun bi mí bí orúnkún mi ṣe ń ṣe, torí tiwọn náà ò sàn, wọ́n sì ti ní kí wọ́n gbé ìjókòó sí ìdí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí àwa méjèèjì lè jókòó wo àwọn màlúù láìrìn jìnnà. Mo ti ra gààrí Ìjẹ̀bú, mo ra ti Màmá náà.