Páàdì kì í ṣe bàtà: èsì sí àbá "bàtà ìjánu"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka àbá yín pé kí a pe páàdì bíréèkì ní "bàtà ìjánu" nínú ìtọ́sọ́nà tí à ń kọ lórí bí a ṣe ń pààrọ̀ páàdì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ìjánu" tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Ohun tó ń dá ẹṣin dúró ni, a sì ti ń sọ fún ènìyàn tipẹ́ pé kó kó ara rẹ̀ níjàánu. "Bàtà" ni mi ò lè gbà.

Bàtà ti ní ibi tó ń gbé. Inú bíréèkì oníìlù ló wà: ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, láti inú ló sì ti ń fẹ̀ síta kó lè fara ha ìlù. Páàdì pẹlẹbẹ ni. Méjì ló ń kojú ara wọn, àwo tó ń yí wà láàárín, bí a bá sì tẹ bíréèkì, wọ́n á fún àwo náà mọ́ àárín. Ọkọ̀ mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan náà ló ní páàdì fún bíréèkì tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó sì ní bàtà kéékèèké nínú ìlù tó wà láàárín àwo, fún bíréèkì ọwọ́. Ẹni tó bá kà pé "yọ bàtà ìjánu" nídìí irú ẹsẹ̀ yẹn, èwo ni yóò yọ?

"Awẹ́ ìjánu" ni tèmi, bí awẹ́ obì tó fara ti ara wọn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún: "Awẹ́ inú ti jẹ ju ti ìta lọ." "Bí ara awẹ́ bá ti ku mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́sẹ̀ ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀ òsì pọ̀." Kálípà tó gbá awẹ́ méjèèjì mú náà ńkọ́? Ẹ̀mú ni, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń di irin gbígbóná mú. Písítìnnì ní tirẹ̀, irin inú ẹ̀mú tó ń ti awẹ́ mọ́ àwo, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ká mi lára jù. Ẹ kọ ọ́ pé "ti písítìnnì padà sínú". Níwájú, òótọ́ ni. Lẹ́yìn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀mú tí okùn bíréèkì ọwọ́ so mọ́, písítìnnì wọn ní ìdè bíi ti ṣúrúù nínú, yíyí ni a ń yí i bí a ṣe ń rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹni tó bá fi ipá tì í gbọnrangandan yóò ba inú rẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ tiwa ló sì tì í débẹ̀. Èyí tí mọ́tò iná mànàmáná ń ṣiṣẹ́ bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ tún yàtọ̀: a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í sí ipò àtúnṣe kí mọ́tò náà lè fà sẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí "tì" wà fún ti iwájú, kí "yí" wà fún ti ẹ̀yìn tó nílò rẹ̀, kí a má sì pa méjèèjì pọ̀.

Ó ku dísìkì. "Àwo" ni mo ń lò lókè yìí, ṣùgbọ́n àwo oúnjẹ ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó ṣe é yí, tó sì ṣe é fún mọ́ àárín, mo ń retí rẹ̀.