Ọkọ mi fẹ́ wa tírélà ní Amẹ́ríkà: ẹ̀yin tí ẹ ti wà nídìí ẹ̀, ilé ńkọ́?

Ìyá Àṣàbí (Tánkẹ, Ìlọrin)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Kwárà tó wà lókè òkun. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Ó ti lé ní ọdún méjì tí Bàbá Àṣàbí ti wà nítòsí Dallas. Green card wà lọ́wọ́ wọn. Èmi àti ọmọ mẹ́ta ṣì wà ní Tánkẹ níbí, à ń retí ìwé tiwa. Ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí, àmọ́ wọ́n ti pinnu pé tírélà làwọn máa wà, èyí tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ilé iṣẹ́ kan sì ti gbà láti san owó ẹ̀kọ́ wọn. Mi ò lòdì sí i, owó ibẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ dáadáa. Àmọ́ mo gbọ́ pé èèyàn lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, kó má fojú ba ilé. Alaalẹ́ ni wọ́n ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ báyìí, Àṣàbí kì í sùn kó tó gbọ́ ohùn wọn. Ṣé ìyẹn á dópin ni? Bí a bá sì dé ọ̀hún, ṣé èmi nìkan ni màá máa dá ṣe ilé nílùú tí mi ò ti mọ ará ọ̀tún, tí mi ò mọ ará òsì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún mi.

Ọmọ Ìbọ̀lọ́ (Texas)

Ìyàwó wa, ẹ kú àfaradà. Ọ̀fà ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, mo wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ màmá mi. Ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń wa tírélà ní Amẹ́ríkà, ọmọ awakọ̀ sì ni mí. Èkó sí Kánò ni bàbá mi ń ná nígbà tí à ń gbé ní Ìlọrin. Bí wọ́n bá ti gun afárá Jẹ́bà bọ̀, wọ́n á yà sílé, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn díẹ̀, wọ́n á tún gbéra. A kì í mọ ọjọ́ tí wọ́n máa dé. Màmá mi á fi ẹran wọn sílẹ̀ nínú ìkòkò lálaalẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a ò gbúròó wọn, àwa ọmọ la ó jẹ ẹ́. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn kì í da ilé rú tó àìmọ ọjọ́.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọjọ́ fi ń yẹ̀, ẹ ní láti mọ òfin wákàtí. Wákàtí 11 ni awakọ̀ lè fi wakọ̀, inú wákàtí 14 tó bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ló sì ti gbọ́dọ̀ wà á. Lẹ́yìn náà, ìsinmi wákàtí 10 gbáko. Bó bá ti wa wákàtí 8, á dúró fún ìṣẹ́jú 30 kó tó tún wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ 8 kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 70 lọ. Ìsinmi wákàtí 34 ló ń dá ìṣirò yẹn padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ELD wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òru mọ́jú tí bàbá mi ń fi obì wà, kò ṣeé ṣe níbẹ̀.

Wákàtí 14 yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí, torí kì í dúró deni. Ọdún kejì mi lórí iṣẹ́, ọmọ mi obìnrin parí Kùránì ní ilé kéwú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́tà la fi ayẹyẹ rẹ̀ sí, mo sì ti sọ fún un pé màá wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, aago márùn-ún àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aago mẹ́jọ, mo ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ẹnu ilé ìkẹ́rùsí kan, ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án sílé. Iná kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Tó bá pupa, o ò gbọ́dọ̀ mira. Ká ní ọ̀sán ni wọ́n já a tán, mi ò bá wà á títí di aago méje alẹ́, mi ò bá sùn wákàtí mẹ́wàá mi, mi ò bá sì ti délé ní aago méje àárọ̀. Ọ̀sán, ó pupa. Aago mẹ́ta, ó pupa. Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ló tó di àwọ̀ ewé, ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogójì lórí ẹ̀rọ mi. Ibi tó gbé mi dé ni mo sùn sí. Ojú fóònù ni mo ti wo ọmọ mi níbi tó ti ń ké súrà. Ìyá rẹ̀ gbé fóònù náà lé àga tó yẹ kí n jókòó sí.

Látìgbà náà, mi ò dá ọjọ́ fọ́mọ mọ́ àyàfi tí ẹrù tó kọjú sílé bá ti wà lẹ́yìn mi. Bí ìnáwó bá sì wà ní Àbámẹ́tà, mo máa ń sọ fún dispatcher, ẹni tó ń pín ẹrù fún mi, pé Ọjọ́bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ wà nílé. Ẹ sọ èyí fún àbúrò wa. Dispatcher ni ẹni tó di ọjọ́ ilé rẹ̀ mú. Kó máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, kó sì tètè máa sọ.

Kó tó fọwọ́ síwèé, kó béèrè ọjọ́ ilé, kó sì gbà á ní kíkọ. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ ni ọjọ́ kan nílé fún ọ̀sẹ̀ kan lójú ọ̀nà. Kó béèrè ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa fi tẹ̀lé olùkọ́ nínú ọkọ̀, torí àkókò yẹn ló le jù fún ilé: àwọn méjì ló ń gbé inú yàrá kóńkó kan, kò ní ráyè bá yín sọ̀rọ̀ bó ṣe fẹ́. Bí ilé iṣẹ́ bá san owó ẹ̀kọ́, ó máa ń ní iye oṣù tó gbọ́dọ̀ fi sìn wọ́n. Tó bá kúrò ṣáájú, gbèsè ni. Ní ti owó, máìlì ni wọ́n ń san fún ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ọkọ̀ tí kò rìn kò pawó, nítorí náà oṣù àkọ́kọ́ kì í jọ iye tí wọ́n dárúkọ. Ìyàwó wa, ẹ má tíì gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olówó gọbọi nítorí rẹ̀.

Ọmọ Ìgbómìnà (Ohio)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kí ló dé tí kò fi ní wá èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ lójúmọ́? Aládùúgbò mi ń sùn sílé lálaalẹ́.

Ọmọ Ìbọ̀lọ́ (Texas)

Òótọ́ lẹ sọ, àbúrò mi, ó sì wù mí kó rí i. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba èèyàn sí irú iṣẹ́ yẹn ló ń béèrè ìrírí, torí ìnṣọ́ránsì. Kó fi oṣù mẹ́fà sí ọdún kan wa ọ̀nà jíjìn láìní ìjàǹbá. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá èyí tó ń padà sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìwé yín bá jáde nígbà náà, á ti sún mọ́lé.

Ìyá Ìbejì (Indiana)

Ọmọ Ọmù-Àrán ni mí, ìyàwó awakọ̀ ni mo sì jẹ́. Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí èmi sọ apá tiwa.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò mọ mọ́tò wà nígbà tí mo dé. Ọkọ̀ wà níta, bàálé mi wà ní Arizona, Táyé ń gbóná bí iná, aládùúgbò tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Ẹ kọ́ mọ́tò wíwà láti ilé. Bí ẹ bá dé, kí orúkọ yín wà lórí àkáǹtì, lórí ìwé ilé, àti nínú ìwé àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ gbà kó wá mú ọmọ. Ẹni tó wà nílé ló ń pàṣẹ lọ́jọ́ yẹn. Bàálé mi kọ́kọ́ máa ń fẹ́ dájọ́ ọmọ láti inú ọkọ̀. Mo sọ fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé àwọn ọmọ ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn bàbá wọn bá ohùn mi jà, bàálé mi sì gbọ́.

Bí wọ́n bá délé, ọjọ́ àkọ́kọ́, oorun ni. Mi ò kí ń gbé ọ̀rọ̀ owó tàbí ẹjọ́ ọmọ síwájú wọn lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì la máa ń jókòó.

Ohun tó tún mú ayọ̀ wá: ilé iṣẹ́ lè fún awakọ̀ níwèé àṣẹ láti gbé ọmọ tàbí ìyàwó rẹ̀ dání. Láìsí ìwé yẹn, òfin kò gbà á. Iye ọdún ọmọ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Kẹ́hìndé tẹ̀lé wọn fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ìsinmi, ó ṣì ń sọ ọ́ títí dòní bí òkè Colorado ṣe ga tó.

Ọmọ Àáfà (Missouri)

Ohun méjì péré. Kó ra fírìjì kékeré tó ń lo iná ọkọ̀, kó máa di ọbẹ̀ gbé dání. Oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru kóni. Àyẹ̀wò ara ṣe pàtàkì: bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju 140/90 lọ tí kò sí àìsàn mìíràn, ìwé ìlera ọdún méjì ni, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Èkejì, kó máa bá àwọn èèyàn sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, awakọ̀ tí kò lè bá àwọn aṣàyẹ̀wò ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa dá a dúró sí.

Ìyá Àṣàbí (Tánkẹ, Ìlọrin)

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Àṣàbí lálẹ́ àná, ibi àga yẹn ni wọ́n ti dákẹ́. Wọ́n ti béèrè: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú olùkọ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà, ọjọ́ mẹ́ta nílé, wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ Àṣàbí. Aago mélòó ló dáa kó máa retí wọn?

Ọmọ Ìbọ̀lọ́ (Texas)

Aago Dallas ni ẹ̀rọ wọn á máa kà níbikíbi tí wọ́n bá wà, bí ibùdó wọn bá jẹ́ ibẹ̀. Ẹ lo ìsinmi ìṣẹ́jú 30 yẹn. Bí wọ́n bá ń dúró ní aago kan ọ̀sán, aago méje alẹ́ ni n'Ílọrin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, tí wọ́n bá ti dá aago Amẹ́ríkà padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, á di mẹ́jọ. Ẹ má jẹ́ kó pè wọ́n nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, òfin kò gbà kí awakọ̀ di fóònù mú.

Ìyá Àṣàbí (Tánkẹ, Ìlọrin)

Aago méje. Mo ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn fírìjì, òun náà sì ti kà á. Ọ̀la ni mò ń lọ rí ẹni tó máa kọ́ mi ní mọ́tò.