Sányán, àlàárì àti ẹtù inú àpótí ìdílé: kí la fi ń mọ iyì wọn, kí la fi ń dáàbò bò wọ́n?

Ọmọ Ìdílé:
Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Aṣọ òfì mẹ́ta ló wà nínú àpótí ìdílé wa: agbádá aláwọ̀ eèpẹ̀ tí wọ́n ní sányán ni, ìró pupa kan, àti ẹtù aláró. Oníṣòwò kan ti dá owó lé wọn, a ò sì mọ̀ bóyá iye náà tó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí la máa wò lára wọn? Káńfọ̀ ló kún inú àpótí ọ̀hún, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ahunfì Òkè-Ògùn:
Ẹ má tíì ta nǹkan kan. Òwú ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí òwú ló ń sọ iye tí aṣọ tó, òwú náà ló sì ń sọ ohun tó lè bà á jẹ́.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ rí i dájú pé orí òfì ni wọ́n ti hun ún. Òfì tí àwọn ọkùnrin ń hun kì í gbé aṣọ fífẹ̀ jáde. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé jáde, bí íǹṣì 4, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10, tí wọ́n á wá rán pọ̀. Ìró tó ga tó mítà 1.5 á ní ọ̀já bíi 15. Ẹ yí aṣọ náà sẹ́yìn, kí ẹ wo ibi tí ọ̀já méjì ti pàdé. Lára ojúlówó, ọ̀já kọ̀ọ̀kan ló ní etí tirẹ̀: òwú tí ọ̀kọ̀ ahunṣọ ń gbé kọjá á dé etí, á ṣẹ́rí padà, kò ní gé. Ẹ fi rúlà wọn ọ̀já kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó fẹ̀ díẹ̀ níhìn-ín, ó fún díẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí ọwọ́ ènìyàn ló ń fà á. Ayédèrú tó kún ọjà báyìí, aṣọ fífẹ̀ kan ṣoṣo ni, wọ́n kàn ya ìlà sí i lára bí ẹni pé wọ́n rán an. Bí ẹ bá fi èékánná tọ ìlà náà, ẹ ò ní bá etí kankan níbẹ̀.

Pé ọwọ́ ni wọ́n fi rán ọ̀já pọ̀ tàbí ẹ̀rọ, ìyẹn kò tó ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ aṣọ àtijọ́ ni wọ́n ti tú tí wọ́n sì tún fi ẹ̀rọ rán. Bí ẹ bá sì rí aṣọ òwú tó fẹ̀, tó nípọn, tó wúwo, ẹ má yára dá a nù. Ó lè jẹ́ kíjìpá, tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìnàró.

Ó kan sányán wàyí. Kòkòrò ló ń ṣe òwú rẹ̀. Àwọn kòkòrò náà máa ń kóra jọ hun ilé kan ṣoṣo sórí igi. Wọ́n á ká ilé yẹn, wọ́n á fi omi eérú sè é kí oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè yọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, kí wọ́n tó fi ìrànwú ràn án. A kì í rẹ ẹ́ láró. Àwọ̀ tó bá wá láti inú igbó náà ni wọ́n ń hun. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ kì í fi í dọ́gba: òwú kan á pọ́n díẹ̀ bí eèpẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rí bí eérú. Ẹ rẹ aṣọ funfun kékeré kan sínú omi, ẹ fún un gbẹ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìṣẹ́tí agbádá náà fún ìṣẹ́jú kan. Bí aró bá ràn án, wọ́n rẹ òwú yẹn ni. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí àtọdúnmọ́dún náà lè ràn án, nítorí náà ibi tó mọ́ nínú ìṣẹ́tí ni kí ẹ ti dán an wò, kì í ṣe ọrùn. Ẹ tún mọ̀ pé ojúlówó sányán sábà máa ń ní òwú lásán, èyí tí a ń gbìn lóko, nínú. Kì í ṣe àbùkù rárá.

Télọ̀ Agbádá:
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Kí n fi ti iná kún un, torí ibẹ̀ ni òwú kì í ti í lè parọ́.

Ẹ fa fọ́nrán òwú kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 jáde láti inú ìṣẹ́tí, níbi tí kò ti ní hàn. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un, kí ẹ sun ún lókè abọ́ tí omi wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, fọ́nrán kan láti ara òwú gígùn, ọ̀kan láti ara òwú ìbú, torí wọn kì í sábà jẹ́ irú kan náà. Bí iná bá gbà á kíá, tó rùn bí bébà tó ń jó, tí eérú rẹ̀ sì rọ̀, òwú lásán ni, tàbí rayon, òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi igi ṣe. Bí iná náà bá ń fẹ́ kú fúnra rẹ̀, tó rùn bí irun tó jó, tó sì fi èédú dúdú tó rún lọ́wọ́ sílẹ̀, sányán tàbí ṣẹ́dà (sílíìkì) ni. Bí ó bá yọ́, tó ká jọ, tó di kókó líle tí kò ṣe é rún, ike ni: pólíẹ́sítà, tàbí òwú dídán tí ọjà ń pè ní ṣáìn-ṣáìn.

Rayon ló ń tan ènìyàn jù. Ó ń dán bí ṣẹ́dà, ó sì ń jó bí bébà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àlàárì, ìyẹn òfì pupa, tòun jẹ́ ṣẹ́dà àtijọ́, òórùn irun ni kí imú yín wá.

Ní ti agbádá, ẹ yí àyà rẹ̀ sódì kí ẹ wo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀. Ti ọwọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ ó rí ibi tí òwú ti parí tí wọ́n ti mú òmíràn. Ti ẹ̀rọ, òwú mìíràn tín-ín-rín ló ń sáré lábẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀ lè gbówó lórí ju aṣọ tí wọ́n ṣe é sí lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ na aṣọ náà síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Ẹ wá ihò, ẹ wo ojú ìṣẹ́po tó ti ń là, ẹ wo abíyá. Òógùn ní iyọ̀ nínú, ó sì máa ń jẹ sányán títí òwú á fi já bí ewé gbígbẹ. Abíyá tó ti kú kì í ṣe é jí, ó sì ń dín owó kù gan-an. Bí bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ má yà wọ́n. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gé e ṣe fìlà tàbí báàgì. Agbádá tí wọ́n ti gé, owó àjákù ni wọ́n ń san lé e.

Ọmọ Ìdílé:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìró pupa náà rùn bí irun nígbà tí a sun ún. Ẹtù ńkọ́? Aró rẹ̀ ń ran ọwọ́ wa.

Ahunfì Òkè-Ògùn:
A jẹ́ pé àlàárì tó dáa lẹ ní. Irú ṣẹ́dà pupa yẹn máa ń bá àwọn oníràkúnmí la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Tírípólì wá sí Kánò, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa. Osùn ni wọ́n sì fi ń rẹ òwú tiwa nílé. Pupa náà lè ṣí bí omi bá kàn án, ẹ má fọ̀ ọ́.

Ní ti ẹtù, àwọn kan máa ń sọ pé tí aró bá ti ń ran ọwọ́, èlú ìbílẹ̀, ewé tí a fi ń ṣe aró, nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aró ilé iṣẹ́ náà ń ran ọwọ́, torí èròjà kan náà ló ń fún àwọn méjèèjì ní àwọ̀. Òwú ni kí ẹ wò. Ẹ tú fọ́nrán kan díẹ̀díẹ̀: òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ràn nípọn níhìn-ín, ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì máa ń jẹ́, bí ẹ bá tú lílọ́ rẹ̀ á wú bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ti ilé iṣẹ́ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì sábà máa ń jẹ́ méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀. Ẹtù tí òwú rẹ̀ jẹ́ ríràn ọwọ́, tí ìlà funfun tàbí aró fífẹ́rẹ̀ẹ́ inú rẹ̀ tín-ín-rín bí fọ́nrán irun, ni àwọn tó mọyì ń wá.

Arábìnrin Peckham:
Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú òyìnbó, ẹ fetí sílẹ̀. Òólá ni ọ̀tá sányán àti àlàárì níbí. Òwú tó ti ara ẹranko tàbí kòkòrò wá ló ń jẹ, ìyẹn irun àgùntàn, ṣẹ́dà, sányán. Kì í sábà fọwọ́ kan ẹtù tó jẹ́ òwú lásán, àyàfi tí òógùn tàbí oúnjẹ bá wà lára rẹ̀. Kì í ṣe èyí tó ń fò ló ń jẹ aṣọ, ìdin rẹ̀ ni. Òólá aṣọ kéré, ó rí bíi wúrà tó ti ṣá, inú òkùnkùn ló fẹ́. Àfòpiná tó ń yí gílóòbù ká kọ́. Ohun tí ẹ máa rí ni ọ̀pá kékeré bí òwú aláǹtakùn, àti ìgbẹ́ rẹ̀ bí iyanrìn, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti aṣọ tó jẹ.

Bí ẹ bá rí i, ẹ fi bébà funfun tàbí aṣọ funfun wé aṣọ náà, ẹ tì í sínú ọ̀rá, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ dí ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ gbé e sínú fíríísà tó tutù dé -18°C fún ọ̀sẹ̀ 2. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí wákàtí 24 á fi pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á sẹ̀ sára aṣọ. Òkè àjà kì í ṣe ibi ìkẹ́rù fún aṣọ òfì: ó ń gbóná, ó ń tutù, òólá sì ń gbé ibẹ̀.

Ọmọ Ìdílé:
Iná tiwa kì í dúró fún ọ̀sẹ̀ 2, ìyá wa.

Arábìnrin Peckham:
Ẹ má lo fíríísà nígbà náà. Òtútù tó ń wá tó ń lọ máa ń jẹ́ kí ìdin bá a mọ́ra, kò ní kú. Ẹ mú aṣọ náà jáde sí ibòòji, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọn gbogbo ojú rírán àti abẹ́ kọ́là, ẹ tì í sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ kó má bàa ran èyí tó kù. Ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, torí ẹyin tí ẹ ò rí lónìí á pa lọ́la. Ẹ gbá inú àpótí náà mọ́ títí dé kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má fọ́n oògùn ẹ̀fọn sí aṣọ o. Òróró inú rẹ̀ kì í kúrò lára ṣẹ́dà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti káńfọ̀. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ naphthalene ni ọ̀pọ̀ èyí tí a ń rà lọ́jà. Àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́pọ̀ láàárín wa. Bí wọ́n bá fi aṣọ tó ti gba káńfọ̀ wé ìkókó tó ní in, tàbí tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lè máa fọ́, ibà pọ́njú á sì bẹ̀rẹ̀. Bó bá le, ó ń ba ọpọlọ jẹ́. Sísá aṣọ náà fún ọjọ́ kan kò mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Aṣọ ìkómọjáde àti ọ̀já ìpọnmọ kò gbọdọ̀ bá káńfọ̀ gbé inú àpótí kan náà.

Olùtọ́jú Aṣọ:
Nọ́ọ̀sì ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Mo fi èyí kún un: oríṣi káńfọ̀ méjì ló wà lọ́jà, tí wọ́n bá sì wà pọ̀ nínú àpótí kan, wọ́n á yọ́ di omi, omi náà á fi àbàwọ́n sílẹ̀ tí kì í lọ. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde.

Bí àpótí ṣe yẹ kó rí nìyí. Igi máa ń tú èròjà kíkan jáde tó ń sọ aṣọ di pípọ́n níbi tó ti fara kàn án, nítorí náà ẹ fi aṣọ òwú funfun tẹ́ inú rẹ̀. Ẹ ti fọ aṣọ funfun náà lẹ́ẹ̀mejì, láìfi sítáàṣì sí i, torí sítáàṣì ni oúnjẹ aáyán. Ẹ má fi ọ̀rá wé aṣọ tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ pẹ́. Ọ̀rinrin á há sínú rẹ̀, á sì hu funfun bí ìyẹ̀fun. Ẹ gbé àpótí kúrò nílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 nítorí ikán, kó má sì fara ti ògiri tí òjò ń nà.

Ìró àti ìpèlé, kíká ló yẹ wọ́n, kì í ṣe ṣíṣẹ́po. Ẹ gba páálí róbótó tí àwọn aláṣọ ń ká aṣọ lé, ẹ fi aṣọ funfun wé e, kí ẹ ká aṣọ òfì náà lé e lórí. Agbádá kò ṣe é ká nítorí iṣẹ́ àyà rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ po, ṣùgbọ́n ẹ ká aṣọ funfun bí apá ọmọdé, kí ẹ tì í sínú gbogbo ibi tó ti ṣẹ́, kó má bàa mú ojú. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tú u, ẹ wò ó, ẹ ṣẹ́ ẹ po gba ibòmíràn. Ojú kan náà tí wọ́n ń ṣẹ́ fún 20 ọdún ni sányán máa ń là sí. Ẹ má fi í kọ́ sórí hángà. Ìwúwo rẹ̀ á fa èjìká rẹ̀ ya.

Bí ẹ bá ti òde dé, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòòji fún wákàtí 2 tàbí 3 kí òógùn gbẹ kí ẹ tó kó o pamọ́. Lọ́fínńdà, ara ni kí ẹ fín in sí, kí ó gbẹ kí ẹ tó wọ aṣọ. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná kì í bá ṣáìn-ṣáìn rẹ́: òwú náà á súnkì, ọ̀já gbogbo á sì hunjọ.

Ọmọ Ìdílé:
Ṣé kí a fọ̀ wọ́n kí oníṣòwò náà tó padà wá?

Télọ̀ Agbádá:
Rárá o. Sányán kò lágbára nígbà tó bá tutù, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan lè fà á ya nínú omi. Ohun tó máa fi kún owó rẹ̀ ni ìtàn rẹ̀: ta ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, òde wo ló wọ̀ ọ́ lọ, ọdún wo, ìlú wo ni wọ́n ti hun ún. Bí fọ́tò bá wà tí ẹni náà ti wọ̀ ọ́, ẹ fi í sínú àpòòwé lọ́tọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ gbogbo rẹ̀ sára tééèpù òwú funfun, kì í ṣe báírò, torí yíǹkì ń ṣàn bí ọ̀rinrin bá mú un. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín so ó mọ́ inú ìṣẹ́tí pẹ̀lú ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí kò le, kí ó lè ṣe é tú. Ẹ má fi píìnì dè é. Ìpẹtà rẹ̀ á lu aṣọ náà ní ihò.