Ìrókò tàbí ọ̀gànwó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Sátidé

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa fẹ́ gbin igi kan sí ọgbà ilé-ìwé wa ní Sátidé, a sì ti fẹnu kò pé igi ilẹ̀ wa tó ń tán lọ la fẹ́. Ìrókò tàbí ọ̀gànwó, èwo ni ká mú? Ọ̀rọ̀ náà ti ń kán wa lójú.

Ìyá Àsérò: Ẹ jìnnà sí ìrókò! Mo ra ọmọ ìrókò 20 lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́bàá títì, mo sì gbìn wọ́n sójú oòrùn. Kò pé oṣù méjì tí ewé wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní kókó kókó bí eéwo. Nígbà tí mo tẹ ọ̀kan, kòkòrò wínníwínní ló jáde pẹ̀lú omi tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Àwọn kókó náà bẹ́, wọ́n jẹrà, igi sì ń kú láti orí wá sísàlẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, 18 ti lọ.

Àgbẹ̀ Òdèdá: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìrókò kọ́. Kòkòrò yẹn, Phytolyma, kì í fi ìrókò kékeré lọ́rùn sílẹ̀, pàápàá lójú oòrùn. Ìbá sàn bí ẹ bá gbìn ín sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gànwó náà ní tirẹ̀: kòkòrò mìíràn a máa gbẹ́ ọ̀mùnú rẹ̀, igi á wá pẹ̀ka nígbà tó yẹ kó máa ga.

Ìyá Àsérò: Owó tèmi ló ṣòfò o, kì í ṣe tiyín.

Pákó Láfẹ́ńwá: Tíìkì ni kí ẹ gbìn, ó tètè ń dàgbà.

Ọmọ Ìbarà: Igi ilẹ̀ wa ni wọ́n bèèrè, tíìkì sì ti Éṣíà wá. Ìrókò kan ṣoṣo kò mọ́gbọ́n dání, torí akọ rẹ̀ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀: òdòdó akọ gùn, ó ń rọ̀ dirodiro, ti abo kúrú, ó sì ki, bí ẹnìkejì kò bá sí nítòsí, kò ní so èso tí àdán yóò jẹ, tí yóò sì gbìn síbòmíràn. Ọ̀gànwó ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo igi àti ẹranko, kà mọ́ àwọn igi tó wà nínú ewu ìparun, òun náà ni wọ́n fi sábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó ń tán lọ, ní Panama ní 2022, tí pákó rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ rékọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ.

Bàbá Kútọ̀: Bí ẹ bá gbin ọ̀gànwó, ẹ wá olùṣọ́ sí i, nítorí àwọn tó ń se àgbo ibà yóò bó èèpo rẹ̀ tán. Ìrókò ńkọ́? Ta ló fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa ṣeré nídìí olúwéré?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́: A dúpẹ́ púpọ̀. Ìrókò la mú, nítorí kọ́mítì ti sanwó pátákó tí wọ́n kọ “Ìrókò” sí kí n tó bèèrè. Iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà la óò gbìn ín sí, níbi tí kò sí ohunkóhun tí yóò ṣíji bò ó, kí gbogbo èèyàn lè máa rí i.